Bí Mo Ṣe Di Akọ̀wé Ìdílé Àwọn Ẹyẹ Sáré-Dúró ní Rayfield

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, ẹ wá jókòó tì mí díẹ̀. Ọmọ ọmọ mi kan ló fà á tí mo fi mú bírò. Olùkọ́ wọn bi í ní iléèwé pé, "Iṣẹ́ wo ni ìyá àgbà rẹ ṣe kó tó fẹ̀yìn tì?" Ó dáhùn pé, "Ó ń kọ orúkọ bàbá àti ìyá àwọn ẹyẹ sínú ìwé." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà sunkún wálé. Mo ní kó nu ojú rẹ̀, pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Iṣẹ́ tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò sì fi ọjọ́ kan kábàámọ̀ rẹ̀.

Sìkírátù ni orúkọ mi. Jenta Adamu ni wọ́n bí mi sí. Bíríkìlà ni bàbá mi, ọmọ Ọ̀fà ni, ó sì ti wà ní Jos kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa. Ìyá mi ń sin adìẹ sẹ́yìnkùlé. Yorùbá là ń sọ nínú ilé, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ wa bá ti kọjá ìloro, Hausa ló kù. Títí di òní, bí nǹkan bá já mi láyà, "Haba!" ni mo máa ń ké kí n tó rántí "Yéè!"

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, mo jáde ìwé, mo ń retí àyè ní iléèwé nọ́ọ̀sì. Bàbá mi ń mọ ògiri nígbà náà nínú ọgbà ẹyẹ kékeré kan ní Rayfield, lẹ́bàá adágún kan tí àwọn awakùsà àtijọ́ fi sílẹ̀. Àwọn ènìyàn díẹ̀ tó fẹ́ràn ẹyẹ ló dá ọgbà náà sílẹ̀. Kò sí mọ́ lónìí. Bàbá mi gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Ó ní kí n lọ fi oṣù mẹ́ta dúró dè lẹ́tà iléèwé nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Lẹ́tà náà dé nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ó bá mi lórí iṣẹ́, mi ò sì lọ mọ́. Owó oṣù kò pọ̀, kò sì kéré débi tí mo fi lè sá. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀ ni Ọ̀gá Ajíbádé, ará Èkìtì. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni ìjọba fi í ṣe nígbà tí wọ́n gbé e wá sí Plateau, kó tó fi ìkọ́ni sílẹ̀ nítorí ẹyẹ. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ṣòkòtò rẹ̀ kì í rí áyọ́ọ̀nù, bàtà rẹ̀ kì í sì í sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ó bá ti wọ ọgbà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó na ọwọ́ sí etí omi.

"Kí lo rí níbẹ̀ yẹn?"

Mo wò títí. "Iyanrìn ni, sà."

"Tún wò."

Ni ìdì iyanrìn kan bá gbéra, ó sáré tete, ó dúró gbọnrangandan. Ó tún sáré, ó tún dúró, ó ṣán ẹnu mọ́lẹ̀, ó gbé kòkòrò. Ẹyẹ ni! Kò tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ yẹ̀pẹ̀, ikùn rẹ̀ ní àwọ̀ ẹ̀kọ òyìnbó tí a fi mílíìkì lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì rí tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀. Mi ò mọ orúkọ tí àwọn baba wa ń pè é. Àwa òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè é ní sáré-dúró, nítorí ìrìn rẹ̀.

"Etí omi nìkan ni wọ́n ń gbé," ni Ọ̀gá wí. "Láyé àtijọ́, wọ́n kún gbogbo adágún kùsà tó wà láti ibí dé Bukuru. Àwọn ènìyàn ń kó iyanrìn, màlúù ń tẹ ẹyin wọn, ajá ń jẹ ọmọ wọn. Ìwọ̀nba tó kù ní Rayfield ni mo kó sínú ọgbà yìí. Bí a bá sọ àwọn wọ̀nyí nù, ó parí nìyẹn."

Bí ó ti sọ̀rọ̀ yìí, mo rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n fi ọmọ lé lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé kíkọ́ iṣẹ́ kò ju kí wọ́n júwe rẹ̀ fún yín lẹ́ẹ̀kan lọ, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Ẹyẹ sáré-dúró kì í kọ́ ìtẹ́. Orí ilẹ̀ gbalasa ló ń yé ẹyin méjì sí, bí ó bá sì fẹ́ dìde, yóò fi ẹsẹ̀ fa iyanrìn bo ẹyin náà. O lè tẹ̀ ẹ́ fọ́ kó o má mọ̀. Nítorí náà, Ọ̀gá mú ẹ̀pà tí a kò tíì pa, ó fi ẹrẹ̀ pa wọ́n lára, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ káàkiri ibi iyanrìn kan tí kò sí ẹyẹ nínú rẹ̀. Ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n máa rìn kọjá. Bí ẹ̀pà bá ti ró "pàrà!" lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, iṣẹ́ mi nínú ilé ẹyẹ parí lọ́jọ́ yẹn. Mo di ẹni tí ń fọ abọ́ omi títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Oṣù mẹ́fà ni mo fi fọ abọ́. Ọjọ́ kan, mo rin iyanrìn náà já láìjẹ́ kí ẹ̀pà kan ró. Inú mi dùn, mo yíjú sí Ọ̀gá, bí mo sì ti yí báyìí, gìgísẹ̀ mi tẹ ọ̀kan. Pàrà!

"Ẹyin kò mọ̀ pé inú rẹ ń dùn," ni gbogbo ohun tó sọ. Ó na ọwọ́ sí ibi abọ́.

Mo sunkún lọ bá Baba Gyang. Ọmọ ẹ̀yà Bẹ́rọ̀m ni Baba Gyang, ọ̀kan lára àwa òṣìṣẹ́ ọgbà náà ni, ó ti wa kùsà nígbà èwe rẹ̀, òun ló sì mọ gbogbo adágún agbègbè náà bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́. Hausa la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. "'Yata," ni ó máa ń pè mí, ìyẹn ni pé ọmọbìnrin mi. Lọ́jọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "'Yata, oṣù mẹ́sàn-án lèmi fi fọ abọ́ tèmi."

Baba Gyang ló kọ́ mi ní ẹ̀tàn ẹyẹ náà. Bí o bá sún mọ́ ẹyin rẹ̀, ìyá yóò sá síwájú rẹ, yóò máa wọ́ apá kan nílẹ̀ bí ẹni tí apá rẹ̀ kán, yóò máa ké tẹ̀dùntẹ̀dùn. Ìwọ yóò tẹ̀ lé e kí o lè mú un. Bí ó bá ti tàn ọ́ jìnnà tán, yóò fò lọ fìrí. "Ibi tó ń fà ọ́ lọ, ẹyin kò sí níbẹ̀," ni Baba Gyang wí. "Ẹ̀yìn rẹ ni kó o wò." Ẹ̀kọ́ yìí wúlò fún mi ju ẹyẹ lọ.

Nígbà tí mo rin iyanrìn náà já níkẹyìn, tí Ọ̀gá sì gbà mí láyè láti fọwọ́ kan ẹyin, láńtánì oníkẹrosíìnì la fi ń mú àpótí ìsàba gbóná. Ẹyin tí ìyá rẹ̀ bá kọ̀ la ń kó síbẹ̀. Igi ni àpótí náà, òwú wà nínú rẹ̀, abọ́ omi kan wà nísàlẹ̀ kí ooru má bàa gbẹ jù. Ojú mi ni mo fi ń mọ̀ bí ó bá gbóná jù: mo máa ń kì í bọ inú rẹ̀. Bí ó bá ta mí ní ìpéǹpéjú, mo yí iná sísàlẹ̀. Láàárọ̀, a ó gbé ẹyin sókè sí ojú oòrùn tó ń gba ihò páálí kan wọlé, a ó wo bóyá ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣe gbòǹgbò nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ mi gan-an ni ìwé. Òrùka aláwọ̀ ni a fi sí ẹsẹ̀ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, pupa, búlúù, yẹ́lò, funfun, kò sí méjì tó jọra. Nínú ìwé ńlá kan tó ní ìlà, mo kọ àwọ̀ òrùka ẹyẹ, bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀, ọjọ́ tó pa, ẹyin tó yé, èyí tó pa àti èyí tó dòbu. Ọ̀gá ní bí iná bá mú ọgbà, ìwé náà ni kí n kọ́kọ́ gbé.

Akọ ẹyẹ kan wà tí òrùka rẹ̀ jẹ́ pupa lé funfun. Ọ̀gá sọ ọ́ ní Baálẹ̀. Baálẹ̀ kò bẹ̀rù ènìyàn. Yóò sáré wá, yóò dúró, yóò jẹ kòkòrò lórí àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀gá. Gbogbo ẹyin tí ìyàwó rẹ̀ bá yé ló ń pa, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló ń yè, àwọn náà kì í sì í bẹ̀rù ènìyàn. Àwọn akọ yòókù máa ń kọ lu okùn àwọ̀n, wọ́n ń ṣe ara wọn léṣe. Ọ̀gá bá ní kí ló dé tí òun ó fi máa da ara òun láàmú? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yan ìran Baálẹ̀ nìkan. Nígbà tí ìyàwó Baálẹ̀ kú, ó so Baálẹ̀ pọ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Lẹ́yìn náà, ó so àwọn ọmọ pọ̀ mọ́ra wọn. Ọgbà kún. Àwọn àlejò ń wá wò wọ́n láti Kaduna. Ọ̀gá a máa rìn láàárín wọn, àwọn ẹyẹ yóò máa sáré tẹ̀ lé e, yóò dúró, wọn yóò dúró. Ẹ̀rín rẹ̀ a máa ró dé ojú títì.

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ.

Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kì í ṣe orí mi. Mo ń kọ "òbu" lọ́pọ̀ ìgbà. Lọ́dún kan, mo ṣàkíyèsí pé ibi tí mo ń kọ òbu sí ti kún, mo ní láti fa ìlà tuntun. Lẹ́yìn náà ni ọmọ kan pa, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ká sábẹ́. Ọmọ sáré-dúró máa ń sáré lọ́jọ́ tó bá pa gan-an. Èyí ń rá ni. Òmíràn pa, ẹnu rẹ̀ wọ́, kò lè mú kòkòrò. Ọ̀gá ní oúnjẹ ni. A pààrọ̀ oúnjẹ. Ó ní omi ni. A ń se omi, a ń jẹ́ kó tutù kí a tó fún wọn. Ó ní èmi ni, pé bóyá mo ń yí ẹyin jù. Mo fọ ọwọ́ mi títí ó fi bó.

Ọjọ́ Àìkú kan ni mo rí ìyá mi tó gbé àkùkọ rẹ̀ sábẹ́ apá, ó ń lọ sí ilé ìyá kan ní òpópónà kejì. Àkùkọ tó sanra, tó ń dán ni.

"Ìyá mi, ṣé ẹ fẹ́ tà á ni?"

"Rárá o, pààrọ̀ ni. Èmi ó fún un ní tèmi, òun ó fún mi ní tiẹ̀."

"Ṣùgbọ́n tiyín dára ju tiẹ̀ lọ!"

Ìyá mi wò mí bí ẹni pé wọn kò rán mi ní iléèwé rí. "Bí àkùkọ kan bá pẹ́ jù lágbàlá, òun ni bàbá, òun ni ọkọ, òun ni bàbá àgbà. Ọmọ tó bá jáde níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé e. Ṣé ènìyàn ń fẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ ni?"

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé ìwé ńlá náà sílẹ̀, mo mú rúlà, mo fa ìlà láti ara ọmọ tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ká lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá tirẹ̀. Ìlà gbogbo ń bọ̀ wá sójú kan: pupa lé funfun. Mo mú ẹyẹ mìíràn. Pupa lé funfun. Bí mo ṣe fa ìlà tó, Baálẹ̀ ni mo ń bá. Gbogbo ọgbà tó kún fọ́fọ́ yẹn, agbo ilé kan ṣoṣo ni.

Mo gbé ìwé náà lọ bá Ọ̀gá. Ó ń bọ́ Baálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo rò pé ìbátan ló pọ̀ jù láàárín wọn. Wọ́n ń fẹ́ra wọn. Bí a bá rí akọ mélòó kan láti adágún mìíràn…"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Ó yẹ kí n sọ pé ìwé ni. Ẹnu mi ló yọ̀. "Ìyá mi ni, sà. Bó ṣe ń ṣe adìẹ rẹ̀ nìyẹn."

Ọ̀gá dìde. "Sìkírátù, ṣé adìẹ ẹ̀yìnkùlé lo fẹ́ fi kọ́ mi ní sáyẹ́ǹsì? Ẹyẹ ìgbẹ́ yóò kó àrùn wọlé. Yóò ba àwọn onípẹ̀lẹ́ yìí jẹ́. Mo ti fi ọdún mẹ́jọ tún ìran yìí ṣe."

"Ẹ má bínú, sà," ni mo wí. Mo sì dákẹ́. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ọmọ tó bá dákẹ́ níwájú àgbà ló ní ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ yẹn, ìdákẹ́jẹ́ mi kò ní ẹ̀kọ́ kankan nínú; ẹ̀rù ló wà nínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Baba Gyang dé láti ìhà Bukuru, ó fi fìlà rẹ̀ gbé ẹyin mẹ́fà. Àwọn tó ń kó iyanrìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣọ́bìrì gbá wọn lọ. Ọ̀gá kò jẹ́ kó jù wọ́n nù, ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n bá pa, kí a yà wọ́n sọ́tọ̀, kí wọ́n má ṣe dà pọ̀ mọ́ ìran Baálẹ̀ láé. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pa. A tọ́ wọn nínú ilé àwọ̀n kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ń pè wọ́n ní Àlejò. Ẹyẹ ìgbẹ́ gidi ni wọ́n! Bí mo bá gbé oúnjẹ wọlé, wọn a fò gbà mí lójú. Nínú ìwé, ibi bàbá àti ìyá wọn, mo fi í sílẹ̀ lófìfo.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí òtútù òjò Jos ń gún ni léegun, mo débẹ̀ láàárọ̀, mo rí ẹyẹ mẹ́ta tó wú ìyẹ́ wọn sókè, ojú wọn lẹ̀ pọ̀, omi ń kán lẹ́nu wọn. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti di mọ́kànlá. Dókítà ẹranko wá, ó wò wọ́n, ó ní òun lè fún wọn ní oògùn tí yóò mú kí ara tù wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn tí yóò wò wọ́n kò sí. "Ara wọn ni yóò bá a jà," ló wí.

Ara wọn kò lè bá a jà. Wọ́n ń kú bí ẹni pé ẹnì kan ló ń kú lọ́pọ̀ ìgbà: ohun tó bá pa èyí ló ń pa ìyẹn, ní wákàtí kan náà, lọ́nà kan náà. Mo ń fa ìlà pupa kọjá lára òrùka wọn nínú ìwé títí bírò pupa mi fi gbẹ. Baba Gyang ń gbẹ́ ilẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún, Baálẹ̀ sáré díẹ̀ wá sọ́dọ̀ Ọ̀gá, ó dúró, kò tún sáré mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀gá ló kú sí.

Àrùn náà wọ ọ̀dọ̀ àwọn Àlejò pẹ̀lú. Àwọn náà wú ìyẹ́, ojú tiwọn náà lẹ̀. Ọ̀kan kú. Ẹ̀kejì dojú kọ igun, mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ keje, mo gbé oúnjẹ wọlé, ohun kan sì fò gbà mí lójú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, ẹkún ayọ̀ ni. Márùn-ún nínú mẹ́fà ló yè. Nínú gbogbo ìran Baálẹ̀ tó kún ọgbà, mẹ́rin péré ló kù.

Ọ̀gá jókòó lórí garawa tí a dojú rẹ̀ dé. Mi ò rí i kó jókòó nínú ọgbà rí. Mo lérò pé yóò ní kí n máa lọ sílé.

"Sìkírátù, gbé ìwé rẹ wá."

Mo gbé e wá. Ó fi ìka tẹ̀ lé àwọn ìlà tí mo ti fi rúlà fà, láti orí ewé kan dé ìkejì. Ó pe Baba Gyang. Ó bá wa sọ̀rọ̀ ní Hausa kí àwa méjèèjì lè jọ gbọ́ ọ.

"Ọmọ yìí sọ fún mi. Ìwé wà níwájú mi, mi ò kà á. Mo rò pé mò ń tọ́jú wọn ni, èmi ni mò ń há wọn mọ́." Ó yíjú sí mi, ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá. "Bá mi kí ìyá rẹ. Sọ fún un pé mo ní ó mọ sáyẹ́ǹsì jù mí lọ. Ó yá, kí ni ká ṣe?"

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Mo ti rí ọ̀gá tó gbọ́n, mo ti rí èyí tó le. Èyí tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn níwájú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n àgbà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Kí a tó so ẹnikẹ́ni pọ̀ mọ́ra, Ọ̀gá fẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní yunifásítì kan, wọ́n sì ní kí a kó ẹ̀jẹ̀ wá. Abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín bí irun la fi fa ìwọ̀n ẹ̀kán omi kan lápá ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo gbé kúlà tó kún fún yìnyín lé itan nínú mọ́tò. Obìnrin ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan, Dókítà Fọlákẹ́, ló gbà á lọ́wọ́ mi.

Mo rò pé ẹ̀rọ ńlá kan ni n ó rí. Ohun tí mo rí ni sítáàṣì tí wọ́n sè, tí wọ́n dà sínú àwo pẹlẹbẹ títí ó fi dì.

"Ẹ̀kọ nìyí, Dókítà!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀kọ ni, ẹ sáà má jẹ ẹ́."

Ó fi ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan sí etí ẹ̀kọ náà, ó ran iná mànàmáná sí i. Iná náà ń fa ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rìn kọjá nínú ẹ̀kọ, oníkálùkù dé ibi tí agbára rẹ̀ gbé e dé. Lẹ́yìn náà, ó da omi aró lé e lórí, ìlà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìlà ìran Baálẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò sójú kan gbọọrọ, bí ẹni pé ẹyẹ kan ni a fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ti àwọn Àlejò kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀kan ga, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, òmíràn ní ìlà méjì.

"Ẹ wo èyí tó ní méjì yìí," ni Dókítà wí. "Ohun tí bàbá fún un yàtọ̀ sí ohun tí ìyá fún un. Bí àrùn bá ti ilẹ̀kùn kan wọlé, ilẹ̀kùn kejì lè wà ní títì. Àwọn mẹ́rin yìí, kọ́kọ́rọ́ kan ló ń ṣí gbogbo ilé wọn."

Mo wo ẹ̀kọ náà pẹ́. Ohun tí mo fi rúlà fà, ohun tí ìyá mi mọ̀ lẹ́yìnkùlé, ó wà níbẹ̀, ó ní àwọ̀.

Láti ìgbà yẹn lọ, iṣẹ́ wá di tèmi ní tòótọ́. Ọ̀gá fi ṣíṣètò ẹni tí yóò fẹ́ ẹni lé mi lọ́wọ́. Mi ò so ẹyẹ méjì pọ̀ bí wọ́n bá ní bàbá àgbà kan náà. Mo so àwọn ìran Baálẹ̀ mẹ́rin mọ́ àwọn Àlejò. Wọ́n bá ara wọn jà, wọ́n bá ara wọn ṣọ̀rẹ́, wọ́n yé ẹyin. Ọmọ tó jáde níbẹ̀ sáré lọ́jọ́ tó pa. Mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Àmọ́ márùn-ún àti mẹ́rin kò pọ̀. Bí a kò bá rí ẹ̀jẹ̀ mìíràn, lọ́jọ́ kan a ó tún padà sí agbo ilé kan ṣoṣo. Mo wá ní ìmọ̀ràn kan. Mo ní kí Baba Gyang máa gbé ẹyin láti inú ọgbà lọ sí àwọn adágún tí ẹyẹ ìgbẹ́ díẹ̀ ṣì wà, kó fi wọ́n rọ́pò ti ìgbẹ́, kó sì gbé ti ìgbẹ́ wá fún wa, méjì sí méjì, kí ìyá kankan má bàa rí òfìfo. A fi pẹ́ńsù sàmì sí wọn. Ọ̀gá bi mí pé, "Bí ìyá bá kọ ẹyin ẹlẹ́yin ńkọ́?"

"A ó mọ̀, sà."

Kò sí ìyá tó kọ̀. Ó fi iyanrìn bo ẹyin ẹlẹ́yin bí ó ṣe ń bo tirẹ̀. Ọdún lọ, ọdún bọ̀, Baba Gyang ń fi fìlà gbé ẹyin lọ, ó ń fi fìlà gbé ẹyin bọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ra àpótí tí a fi fóòmù tẹ́ nínú fún un. Ó ní fìlà dára jù.

Àwọn irinṣẹ́ yòókù náà ń yí padà. Àpótí ìsàba oníná mànàmáná dé, ó ń yí ẹyin fúnra rẹ̀, ó sì ní nǹkan tó ń sọ bí ooru ṣe tó. Mo yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n iná a máa lọ, nítorí náà mi ò sọ láńtánì nù, mi ò sì dẹ́kun kíki ojú mi bọ inú rẹ̀. Òrùka oníke rọ́pò ti irin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti yunifásítì, wọ́n ń bọ́ bàtà, mo sì ń mú wọn rìn kọjá lórí ẹ̀pà. Mi ò dín oṣù kan kù nínú abọ́ fífọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá Ajíbádé fẹ̀yìn tì ní àárín àwọn ọdún 1980, ó padà sí Èkìtì. Lọ́jọ́ tó ń lọ, kò sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére gígùn. Ó yẹ ìwé wò, ó rí ibì kan tí mo ti kọ ọjọ́ méjì pọ̀, ó bá mi wí gidi, ó sì lọ. Bó ṣe fẹ́ràn mi nìyẹn, ó yé mi yékéyéké.

Nígbà tí ẹyẹ wa ti pọ̀ tó, tí ìlà inú ẹ̀kọ Dókítà Fọlákẹ́ sì ti rí wúruwùru bó ṣe yẹ kó rí, a kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí adágún kan lójú ọ̀nà Bukuru. Àwọn àgbà abúlé ibẹ̀ ti bá wa ṣe àdéhùn pé màlúù yóò máa gba ìhà kejì mu omi. A ṣí àpótí. Wọ́n sáré jáde, wọ́n dúró, wọ́n wo omi. Kò sí èyí tó wẹ̀yìn. Mo ti múra láti sunkún, àyè kò tiẹ̀ gbà mí. Mò ń ka òrùka.

A ń padà lọ wò wọ́n lóṣooṣù. Àwọn kan sọnù, àwọn kan dúró. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn kejì, èmi àti Baba Gyang jókòó sí etí adágún náà láàárọ̀. Ó ti darúgbó nígbà náà, ojú rẹ̀ ṣì mú ju tèmi lọ. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

Ọmọ ẹyẹ kan jáde lẹ́yìn òkúta. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ó sáré, ó dúró, ó ṣán kòkòrò kan, ó tún sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gún, kò wọ́. Mo wo ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo wo ti òsì. Kò sí òrùka kankan níbẹ̀: etí adágún yẹn gan-an ni wọ́n bí i sí.

"Ɗan wa ne wannan?" ni Baba Gyang bi mí, ìyẹn ni pé ọmọ ta nìyí?

Mo ṣí ìwé sórí itan mi, mo mú bírò. Àwọn ẹyẹ àgbà bíi mẹ́jọ ló ń sáré káàkiri létí omi, olórùka àti aláìlórùka, ti ọgbà àti ti ìgbẹ́, kò sì sí bí mo ṣe lè mọ èyí tó bí i nínú wọn.

"Ban sani ba, Baba," ni mo wí. Mi ò mọ̀.

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ lu itan. Ó ní láti ìgbà tí òun ti mọ̀ mí, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí òun ó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí ọmọ ẹyẹ náà fi sá padà sẹ́yìn òkúta. Mo wá kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, mo kọ orúkọ adágún náà, mo sì pa ìwé dé.